Ìtàn ẹgbẹ́ hurling páríìṣì: ibo ni ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí. Abúlé kan ní àríwá Tipperary, ní Ireland, là ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, wà ní kíláàsì karùn-ún. Tíṣà ní kó kọ ìtàn ẹgbẹ́ GAA (ẹgbẹ́ eré ìbílẹ̀ Ireland) páríìṣì wa, níbi tí òun náà ti ń ṣeré camogie, ìyẹn hurling àwọn obìnrin, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún un. Ohun tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ju orúkọ àwọn ife tí wọ́n gbà lọ. A ò ní ẹbí níbí tí a lè bi léèrè. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n ṣọ́ra fún? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Tipperary.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ìyá wa. Ẹ má fi ife bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Tí àwa Yorùbá bá gbọ́ "parish", ẹ̀ka ìjọ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, bí Redeemed ṣe lè ní páríìṣì mẹ́ta lójú títì kan. Tibí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó ní ààlà ni páríìṣì níbí, ẹni tó bá sì ń gbé inú ààlà náà, ọmọ ibẹ̀ ni, ì báà máa lọ sí Máàsì, ì báà má lọ. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1884 ni Michael Cusack, Maurice Davin àtàwọn mélòó kan pàdé ní Hayes's Hotel ní Thurles, tí wọ́n dá GAA sílẹ̀. Croke, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Cashel, di alátìlẹ́yìn wọn, orí ààlà páríìṣì sì ni wọ́n wá gbé ẹgbẹ́ kà. Nítorí náà, ibi tí ọmọ yín ń gbé ló sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ yẹn, kì í ṣe ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ẹ jẹ́ kó kọ ìyẹn sí ojú ìwé àkọ́kọ́, torí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń wọlé. Páríìṣì méjì ló wà nínú ìwé: ti Kátólíìkì, tí ẹgbẹ́ ń lò, àti èyí tí ìjọba ń lò nínú ìwé ilẹ̀ àtijọ́. Ààlà wọn kì í sábà bára mu, orúkọ wọn sì lè jọra. Tí ọmọ bá wá orúkọ páríìṣì nìkan, á kó ìtàn àwọn ẹlòmíì wọlé. Townland ni kẹ́ ẹ máa fi wá nǹkan, ìyẹn àwọn ilẹ̀ kéékèèké tó ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ dárúkọ gbogbo townland tó wà lábẹ́ wọn. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé fífẹ̀ A3 kan, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí orí ìkànnì National Archives, níbi tí ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ óò rí orúkọ àwọn tó gbé townland kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ orí wọn àti iṣẹ́ wọn. Ọmọkùnrin ọdún 22 tó ń ṣe lébìrà lóko nínú ìkànìyàn 1901 lè jẹ́ ẹni tó wà nínú fọ́tò tó so mọ́ ògiri ilé ẹgbẹ́.

Ẹ tún wo ìkànnì dúchas.ie. Láàárín 1937 sí 1939, àwọn ọmọ ilé ìwé tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ yín gan-an kọ ìtàn àdúgbò wọn sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà, nínú nǹkan bí ilé ìwé 5,000. Ẹ wá ilé ìwé tó wà ní páríìṣì yín nígbà náà, kẹ́ ẹ ka gbogbo ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa eré. Orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ti èdè Irish: Ó Briain nínú ìwé ilé ìwé ni O'Brien nínú ìkànìyàn. Ẹni kan náà ni, kó má kà wọ́n sí méjì.

Ọ̀rọ̀ ọdún ìdásílẹ̀ gba sùúrù. Ọdún tó wà lára àmì ẹgbẹ́ lè jẹ́ ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ ọdún tí ẹgbẹ́ méjì papọ̀. Ẹ wo Ballyhale Shamrocks ní Kilkenny, ẹgbẹ́ Henry Shefflin, ìlúmọ̀ọ́ká nínú hurling. 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti inú Ballyhale, Knocktopher àti Knockmoylan, bẹ́ẹ̀ hurling ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹgbẹ́ a tún máa kú, a sì máa jí. Nígbà tí ìjà lórí ọ̀rọ̀ Parnell, olórí òṣèlú Ireland, pín ìlú sí méjì ní 1890 sí 1891, ẹgbẹ́ púpọ̀ tú ká. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí Ìlú Ọba débi pé páríìṣì míì ò rí ènìyàn 15 kó jọ. Tí ọmọ bá bá ọdún tó ṣófo pàdé, kó fi í sílẹ̀ ní òfìfo, kó wá ìdí rẹ̀. Òfo yẹn gan-an jẹ́ ìtàn.

Èsì ìdíje àtijọ́ ló máa ń tan ènìyàn jù. 2-5 túmọ̀ sí góòlù 2 àti póìǹtì 5. Lónìí, góòlù kan jẹ́ póìǹtì 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 11. Ṣùgbọ́n ṣáájú 1892, góòlù kan ṣoṣo borí iye póìǹtì yòówù. Láti 1892, ó di póìǹtì 5. Ní 1896 ló di 3. Ká ní ìwé ìròyìn 1889 kọ 1-2 sí 0-9: bí ọmọ bá fi òfin òde òní ṣírò rẹ̀, á ní 5 sí 9, á sì fi ife fún ẹni tó pàdánù. Kó kọ èsì bí ìwé ìròyìn ṣe kọ ọ́, kó fi òfin ọdún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọdún ìdíje náà lè yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n ṣeré. Àṣekágbá hurling gbogbo Ireland ti 1887, tí àwọn ọkùnrin Thurles gbé orúkọ Tipperary lọ láti bá Meelick ti Galway pàdé, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 1888 ni wọ́n ṣe é, ní Birr. Parsonstown sì ni ìwé ìròyìn ìgbà náà ń pe Birr, wọ́n ń pe Offaly ní King's County. Orúkọ àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi wá a.

Tipperary Studies, nínú The Source, ilé láíbìrì ní Thurles, ni kẹ́ ẹ lọ fún ìwé ìròyìn. Ọ̀fẹ́ ni káàdì láíbìrì. Nenagh Guardian ti wà láti 1838, Tipperary Star láti 1909. Kọ̀ǹpútà kì í ka lẹ́tà àtijọ́ tó ti ń parẹ́ dáadáa, torí náà ẹ má fi "hurling" nìkan wá nǹkan. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ṣeré wá a, kẹ́ ẹ fi ojú yín wo àwọn ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé ọjọ́ eré. Ẹ rántí pé ìpín mẹ́rin ni Tipperary ní: North, Mid, South àti West. Ife North kì í ṣe ife káúńtì.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ ka orí, torí iye wọn lè sọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. Ènìyàn 21 ló ń ṣeré níhà kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó di 17 ní 1892, ó di 15 ní 1913. Àwọn tó mú igi lọ́wọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kà. Fàdá àti àwọn olóyè sábà máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, àwọn adípò náà sì lè dàrú mọ́ wọn, nítorí náà ẹ wá ẹ̀rí kejì. Tí wọ́n bá fi mẹ́dàlì hàn yín, ẹ yí i sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà fóònù yà á nítòsí, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá. Lára wúrà tí wọ́n yẹ̀wò ní Dublin, ẹ óò rí obìnrin tó jókòó àti lẹ́tà kékeré kan. Ọdún ìyẹ̀wò ni lẹ́tà yẹn ń sọ. Lẹ́tà náà máa ń padà wá lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ àti bí férémù rẹ̀ ṣe rí ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Tó bá kan àwọn àgbà, ẹ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ kó mú yín lọ, ẹ má kàn ya ilé wọn. Ìbéèrè "ọdún wo ni?" kì í so èso. Ẹ bi wọ́n pé, "Fàdá wo ló wà ní páríìṣì nígbà yẹn?" Bí àwọn àgbà wa nílé ṣe ń fi ọba tó wà lórí oyè ka ọdún, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe níbí, yìnyín ńlá 1947 àti ìbẹ̀wò Póòpù ní 1979 náà wúlò. Ẹ tọrọ ààyè kẹ́ ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ogun abẹ́lé 1922 sí 1923 ṣì ń dun ìdílé míì. Tí àgbà bá yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ bá a yí i. Bákan náà, títí di 1971, òfin GAA ń lé ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jáde. Kó ṣàlàyé òfin náà, kó má dárúkọ ẹni tí wọ́n lé.

Kó má gbàgbé àwọn obìnrin. Ẹgbẹ́ camogie ti dá dúró láti 1904, ti bọ́ọ̀lù Gaelic (bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ Ireland) àwọn obìnrin láti 1974, nítorí náà ìwé ìpàdé tiwọn wà lọ́tọ̀. Tí ẹ bá wo ìwé GAA nìkan, ẹ óò rò pé obìnrin ò ṣeré rí ní páríìṣì yín. Ẹ béèrè akọ̀wé camogie lọ́tọ̀.

Tó bá fẹ́ ohun tí kíláàsì máa dákẹ́ gbọ́, kó sọ ti Grangemockler, páríìṣì oko ní gúúsù káúńtì yín. Ibẹ̀ ni Michael Hogan ti wá, tó ń gbá bọ́ọ̀lù Gaelic fún Tipperary ní Croke Park, pápá ńlá GAA ní Dublin, ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá 1920, nígbà tí àwọn agbófinró ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn. Ènìyàn 14 kú, òun náà sì wà lára wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Hogan Stand, ibi ìjókòó òǹwòran kan ní pápá náà, ń jẹ́ títí dòní.

Ẹ fa ìlà mẹ́ta sórí ìwé rẹ̀ kó lè pín sí òpó mẹ́rin: ọdún, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ tàbí ìwé tó wà, ẹlẹ́rìí kejì. Ohun tí kò bá ní ẹlẹ́rìí kejì, kó fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ti townland àti ìkànìyàn, ìkejì ti ìwé ìròyìn, ìkẹta ti àwọn àgbà. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kó fi kọ ọ́ ní àkọtán, kó ṣe ẹ̀dà kejì, kó fún akọ̀wé ẹgbẹ́.