Bí Jehoiada bá kú ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òbí. Birmingham ni à ń gbé. Àwa àti ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 13, ń ka ìwé Àwọn Ọba níbi àdúrà ìdílé. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Mọ́mì, Hesekiah jẹ́ olóòótọ́, ó bí Manasse. Amoni burú, ó bí Josiah. Kí wá ni èrè òbí rere?" N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn lọ́nà yìí, kí ni ẹ sọ fún tiyín?

Èsì: Ìyá ọmọ wa, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ má ṣe fi Hesekiah bẹ̀rẹ̀. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún ọmọbìnrin mi pé bí òbí bá ti ṣe ojúṣe rẹ̀, ọmọ kì í yà. Ó ti kúrò nílé báyìí, kò sì lọ sí ìjọ mọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní ni pé gbólóhùn yẹn ló dí i lẹ́nu: nígbà tí iyèméjì kọ́kọ́ dé, bó bá sọ ọ́, bíi pé ó ń fẹ̀sùn kan ìyá rẹ̀ ni.

Joaṣi, ọba Juda, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ataliah, ìyá bàbá rẹ̀, pa irú-ọmọ ọba run, Jehoṣeba, ìyàwó Jehoiada àlùfáà, jí ọmọ náà gbé pẹ̀lú olùtọ́jú rẹ̀. Ọdún 6 ni wọ́n fi gbé e pamọ́ sínú ilé Olúwa. Ó pé ọmọ ọdún 7, Jehoiada dé e ládé. Jehoiada náà ló fẹ́ ìyàwó méjì fún un. Ẹ̀rí tí ìwé Kronika jẹ́ nípa rẹ̀ ni pé ó ṣe èyí tó tọ́ "ní gbogbo ọjọ́ Jehoiada". Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ Jehoiada ni wọ́n fi wọn òdodo rẹ̀, wọn kò fi ọjọ́ òun alára wọ̀n ọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ rò pé àgàbàgebè ni látìbẹ̀rẹ̀ o. Ní ọdún 23 ìjọba rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló pe Jehoiada àti àwọn àlùfáà yòókù, tó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò tún ilé Olúwa ṣe. Ìgbà yẹn ni Jehoiada dá ihò sí ìdérí àpótí, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, tí owó fi ń wọlé fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọ̀mọ̀lé. Ìtara Joaṣi kì í ṣe irọ́.

Àmọ́ Jehoiada kú ní ẹni ọdún 130, wọ́n sì sin ín láàárín àwọn ọba. Àwọn ìjòyè Juda wá, wọ́n wólẹ̀ fún ọba, ó sì gbọ́ tiwọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé Olúwa tó náwó tún ṣe ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀ fún ère Aṣera. Nígbà tí Sekariah ọmọ Jehoiada bá wọn wí, ọba pàṣẹ, wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa nínú àgbàlá tẹ́ḿpìlì. Àwọn ìránṣẹ́ Joaṣi pa òun náà lórí ibùsùn nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọn kò sì sin ín sí ibojì àwọn ọba, níbi tí wọ́n sin àlùfáà sí.

Òwe ọmọ tí a kò kọ́ tí yóò gbé ilé tí a kọ́ tà kò bá Joaṣi mu, nítorí ọmọ tí a kọ́ ni. Bí wọ́n bá sì ń sọ nílé pé gbígbé tí a gbé àwọn ọmọ wá sókè òkun ló bà wọ́n jẹ́, inú tẹ́ḿpìlì gan-an ni èyí dàgbà sí! Síbẹ̀, n kò lè fi ìyẹn gba ara mi sílẹ̀ tán. Nílé, Jehoiada kì í ṣe ẹyọ kan: bàbá àgbà wà níbẹ̀, ìyá ìjọ, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, aládùúgbò tó ń gbọ́ orin àdúrà yín láàárọ̀ kùtù. Níhìn-ín, èmi tí mo ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ nìkan ni.

Ní ti kíkà rẹ̀, alẹ́ mẹ́ta ni kí ẹ pín in sí. Alẹ́ kìíní, 2 Kronika 22 láti ẹsẹ 10 títí dé òpin orí 23. Alẹ́ kejì, 2 Àwọn Ọba 12 títí dé ẹsẹ 16, àti 2 Kronika 24 dé ẹsẹ 16. Kí ẹ pa ìwé dé níbi ìsìnkú Jehoiada. Ìyókù di alẹ́ kẹta. Bí ẹ bá ka Àwọn Ọba nìkan, ikú Sekariah kò sí níbẹ̀, ọmọ kò sì ní mọ ìdí tí wọ́n fi pa ọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni Manasse: Kronika nìkan ló sọ pé ó ronú pìwà dà nínú ẹ̀wọ̀n ní Babiloni.

Ẹ fa ìlà mẹ́rin sórí ìwé fún ọba kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ orí nígbà tó jọba, iye ọdún, orúkọ ìyá, ẹ̀rí tí a jẹ́ nípa rẹ̀. Nínú àwọn ọba Juda, 8 ni a sọ pé ó ṣe èyí tó tọ́; 6 nínú wọn ni "kìkì pé a kò mú ibi gíga kúrò" (ojúbọ tí àwọn ènìyàn ti ń rúbọ) tẹ̀ lé tiwọn. Hesekiah àti Josiah nìkan ló bọ́. Ìwé yẹn ni yóò dáhùn ìbéèrè ọmọ yín. Ọmọ ọdún 12 ni Manasse nígbà tí Hesekiah kú, nígbà tó jẹ́ pé Joaṣi ti lé ní ẹni 30 kí Jehoiada tó kú. Ọmọ ọdún 8 ni Josiah nígbà tó jọba. Ní ọdún kẹjọ ìjọba rẹ̀, ní ọmọ 16, ìwé sọ pé ó "bẹ̀rẹ̀ sí wá" Ọlọ́run Dafidi. Ẹ ní kí ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Lálẹ́ kẹta, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka 2 Kronika 24 ẹsẹ 22 sókè, níbi tí ọba kò ti rántí oore Jehoiada. Kí ẹ bi í pé: ká ní ọmọ 16 ni Joaṣi nígbà tí Jehoiada kú, kí ni ì bá ṣe? Kí ẹ wá dákẹ́, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó fèsì. Èmi kò dákẹ́ nígbà tèmi.