Ìgbọ̀nwọ́ ọmọ mi ń dùn ún nítorí bẹ́ẹ́sìbọ́ọ̀lù

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Houston la ń gbé, àmọ́ a ti wálé sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 12, ló máa ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń fi igi gbá a, fún ikọ̀ bẹ́ẹ́sìbọ́ọ̀lù rẹ̀. Lánàá, ó ń sọ òkò sí máńgòrò lẹ́yìnkùlé màmá mi, ló bá di ìgbọ̀nwọ́ mú, níbi tó kọjú sí ìhà. Ó jẹ́wọ́ pé ó ti tó oṣù kan tó ti ń dun òun. Kóòṣì rẹ̀ ti sọ pé bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù kò dáa. Màmá ní kí n fi òrí pa á. Bó bá tún bó ṣe ń jù ú ṣe, ṣé ìrora náà yóò lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọmọ Òdógbolú ni mí, Toronto ni mo ń gbé, ojú ibẹ̀ gan-an ló dun ọmọ tèmi.

Kó má ju nǹkankan mọ́, títí kan òkò. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, egungun níbi tí iṣan ti so mọ́ ọn ní ìgbọ̀nwọ́ kò tíì gbó, ó ṣì ń dàgbà. Lára àgbàlagbà, iṣan tó so egungun pọ̀ ló sábà máa ń já, irú èyí tí dókítà Frank Jobe tún ṣe fún Tommy John, agbábẹ́ẹ́sìbọ́ọ̀lù tó máa ń ju bọ́ọ̀lù, lọ́dún 1974. Lára ọmọdé, egungun rírọ̀ yẹn ni iṣan máa ń fà títí tí yóò fi fẹ́ ṣí.

Òótọ́ ni kóòṣì sọ. Ẹ wo àgbẹ̀ tó mọ ọkọ́ lò: ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló fi ń kọ ebè, ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù yìí. Ẹsẹ̀ iwájú á kọ́kọ́ balẹ̀, ìbàdí á yí, àyà á wá tẹ̀ lé e, ọwọ́ ló kẹ́yìn. Bí àyà bá ti yí kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀, ọwọ́ á ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ni yóò sì ru gbogbo agbára náà. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ wò ó díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i.

Àmọ́ ohun tó dùn mí jù rèé: mo sanwó fún ẹni tó kọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń jù ú, n kò ka iye tó ń jù. Ikọ̀ méjì ló wà nígbà náà. Bó ti wù kí ọmọ mọ̀ ọ́n jù tó, tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ìbàdí kì í ṣiṣẹ́ mọ́, ọwọ́ ló máa ń kù. Ìlànà tí MLB (líìgì bẹ́ẹ́sìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà) àti àjọ USA Baseball gbé kalẹ̀ ni pé ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 85 lọ lóòjọ́; tó bá jù ú ní ìgbà 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sinmi fún ọjọ́ 4. Láàárín ọdún, kó fi ó kéré tán oṣù 4 sinmi bọ́ọ̀lù jíjù. Kó má sì jẹ́ òun náà ni yóò tún máa hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá a.

Òrí Màmá kò burú, ẹ fi pa á. Àmọ́ tí ọwọ́ náà kò bá nà tán, tàbí tó wú, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá padà sí Houston. Ẹ gbé e lọ ya fọ́tò egungun níbẹ̀.