Dísìkì kò sọnù, kernel ni kò tíì mọ̀ ọ́n

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ) tí ẹ fọwọ́ ara yín compile gbé "VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)" jáde, ó sì dúró gbagidi, bẹ́ẹ̀ kernel àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan náà. Ó ti ṣe mí rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a fà á.

Ẹ wo nọ́ńbà inú àkámọ́ yẹn dáadáa. Ká ní (8,1) ni, kernel ti rí dísìkì, torí 8 ni nọ́ńbà àwọn sd. Ext4 tàbí xfs, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń to fáìlì sórí dísìkì, ló ṣeé ṣe kí ẹ gbàgbé láti fi sínú kernel. Ṣùgbọ́n (0,0) lẹ rí: kò mọ dísìkì kankan tó bá ohun tí ẹ kọ sí root= mu, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń sọ dísìkì tí ètò wà fún kernel.

Ẹ fi kernel àtijọ́ wọlé, kí ẹ tẹ lspci -nnk. Lábẹ́ ìlà RAID tàbí SATA (káàdì tí dísìkì so mọ́, òun ni controller), ẹ ó rí "Kernel driver in use". Orúkọ driver yẹn, ètò tí kernel fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ni kí ẹ wá, ẹ fi èyí tí wọ́n kọ sára páálí káàdì sílẹ̀. Bó bá jẹ́ megaraid_sas, CONFIG_MEGARAID_SAS ni, mpt3sas, CONFIG_SCSI_MPT3SAS, ahci, CONFIG_SATA_AHCI. Nínú make menuconfig, níbi tí a ti ń yan ohun tó máa wà nínú kernel, ẹ tẹ / láti wá a.

Ibi tí mo ti jìyà gan-an rèé. Mo fi driver náà sí m, ìyẹn module, fáìlì ọ̀tọ̀ tí kernel ń gbé wọlé lẹ́yìn tó bá ti jí. Inú /lib/modules ni module ń gbé, orí dísìkì tí kernel kò lè kà láìsí module yẹn ni /lib/modules sì wà! Kọ́kọ́rọ́ ni mo tì mọ́nú ilé. Mo yí i sí y, kó lè wà nínú kernel fúnra rẹ̀, mo tún un compile, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún jáde. Ó sú mi débi pé mo fẹ́ pa á tì. Ọjọ́ kẹta ni mo rí i pé CONFIG_BLK_DEV_SD ṣì wà ní m. Driver káàdì ló ń bá controller sọ̀rọ̀, àmọ́ BLK_DEV_SD ló ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di /dev/sda. Dísìkì SATA náà ń gba ọ̀nà SCSI (ìlànà tí Linux fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀) yìí kọjá, nítorí náà ẹ má wò ó pé ẹ ò ní SCSI.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, driver, BLK_DEV_SD àti ext4 yín, kí wọ́n jẹ́ y. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n sí m, ẹ ṣe initramfs tuntun (àpò fáìlì kékeré tó ń gbé module wá fún kernel kó tó rí dísìkì) fún kernel yìí lẹ́yìn make modules_install. Ti àtijọ́ kò lè bá a ṣiṣẹ́. Láìsí initramfs, ẹ má kọ root=UUID=, kernel nìkan kò mọ̀ ọ́n; root=PARTUUID= ló mọ̀. Àwọn káàdì RAID kan máa ń pẹ́ jí, ẹ fi rootwait kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ kernel àtijọ́ kúrò nínú GRUB, ibi tí a ti ń yan kernel nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn. Ẹ kọ nǹkan sí CONFIG_LOCALVERSION kí module tuntun má baà bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀.

Tó bá tún kọ̀, ẹ ya fọ́tò ìlà tó wà lókè panic (ìkéde pé kernel ti dúró) yẹn ránṣẹ́ sí mi. Kernel máa ń to àwọn dísìkì tó rí síbẹ̀. Bí sda bá wà níbẹ̀, root= lẹ ṣì kọ; bí kò bá sí, a ó padà sórí driver.