Ẹ má tètè gbà pé ọjọ́ ogbó ni: ohun tí ojú mi rí lórí oúnjẹ màmá mi

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ kọ̀wé láti London. Ẹ ní bàbá yín tó ti pé ọdún 76 ní Abẹ́òkúta kò fẹ́ jẹ ohun mìíràn ju èkọ àti ewédú lọ, pé ó ń rù, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wá ń bèèrè irú hóró fítámì tí ẹ lè rà ránṣẹ́ sí i. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, nítorí pé ohun tí èmi náà ń sọ nípa màmá mi ní ọdún 2019 gan-an nìyẹn, kí a tó mọ̀ pé àìtó fítámì B12, èyí tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára nílò, ló ń ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó ná owó kankan.

Ọmọ ọdún 72 ni màmá mi nígbà náà, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, èmi sì wà ní Ìbàdàn. Ó ti ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Ní ilé ìwòsàn tí ó ń lọ, ìwé pélébé kan ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, "ẹ kò gbọdọ̀ jẹ" ló sì kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀: kò gbọdọ̀ jẹ iyán, kò gbọdọ̀ jẹ ìrẹsì, kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, kí ó sì jìnnà sí ẹyin. Kò sí ẹnì kan tó jókòó tì í láti sọ ohun tí ó yẹ kí ó jẹ fún un. Màmá mi kì í ṣe àìgbọràn sí dókítà, ó pa òfin ìwé náà mọ́ délẹ̀délẹ̀. Eyín mẹ́fà sì ti ká lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá bu ẹja sí ọbẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọọmọ ló máa ń yọ ọ́ fún, á ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, òun ló gba ẹja lẹ́nu ẹni tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ẹja náà jù lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan tí mo lọ kí i, ó ń bọ̀ láti ilé ìdáná, sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń rìn bọ̀. Mo ní, "Mọ́mì, bàtà yín." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ó ní òun kò mọ̀ pé kò sí lẹ́sẹ̀ òun. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí ó ti ń dà bíi pé òwú ni òun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ẹ̀wà tí ó fúnra rẹ̀ ṣà ní ọjọ́ yẹn, òkúta ni a ń kàn lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa, ìka rẹ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín hóró ẹ̀wà àti òkúta mọ́.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó rí wa kò yọ bàtà rẹ̀ wò. Ó ní, "Mama, it's old age," ó sì kọ oògùn ìrora fún un. Nígbà tí a padà lọ ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn ni a bá, òun ní àtọ̀gbẹ ló ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ ní ẹsẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i. Òótọ́ ni pé àtọ̀gbẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí dókítà náà dá àtọ̀gbẹ lẹ́bi láìṣe àyẹ̀wò ohun mìíràn. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ayé ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó ni kẹ́míìsì àdúgbò ní ẹ̀jẹ̀ ni kò tó, ó ta oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní folic acid (fítámì kan tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) àti ayọ́ọ̀nù (iron) fún wa. Inú gbogbo wa dùn nígbà tí ojú rẹ̀ tún mọ́ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ibi tó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé mo ti wá mọ̀ pé folic acid lè mú ẹ̀jẹ̀ gòkè nígbà tí ohun tó ń ba iṣan jẹ́ kò dáwọ́ dúró. Èmi ni mo ń ra oògùn yẹn, èmi ni mo ń kà á fún un ní àràárọ̀ lórí fóònù pé kí ó má gbàgbé rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá kọjá báyìí. Ó ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà ọ̀dọ́mọdé kan ní ilé ìwòsàn mìíràn ní Ìbàdàn ló yọ wá. Ó bi í ní ìbéèrè méjì péré: kí ni ẹ jẹ lánàá, àti pé oògùn wo ni ẹ ń lò, láti ìgbà wo? Ó ní kí a lọ yẹ fítámì B12 inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èsì sì jáde pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Ohun tí ó ṣàlàyé fún wa nìyí. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni fítámì yìí máa ń wà, kò sí i nínú ẹ̀fọ́, kò sì sí i nínú èkọ. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà nílò kò pọ̀ rárá, máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, omi kíkan inú ikùn tó máa ń yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ lè dín kù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń jẹ ẹran pàápàá lè má rí i gbà tó. Metformin tí ènìyàn bá lò fún ọ̀pọ̀ ọdún tún ń dènà rẹ̀ nínú ìfun, àwọn oògùn tí a ń lò fún ọgbẹ́ inú bí omeprazole sì lè mú kí ó dín kù pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n ń dín omi kíkan yẹn kù. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí àìtó rẹ̀ fi ń yọ́ wọlé tí ẹnikẹ́ni kò fi ní fura. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ wà yẹn, àjọ tó ń mójú tó oògùn kìlọ̀ fún àwọn dókítà ní ọdún 2022 pé kí wọ́n máa yẹ B12 wò fún ẹni tó ń lo metformin tí àmì àìtó rẹ̀ bá hàn lára rẹ̀. Ta ni yóò bá mi sọ fún àwọn tiwa níhìn-ín?

Abẹ́rẹ́ B12 ni wọ́n gún fún un, ọjọ́ kejì kejì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó tó di oṣù méjì méjì. Orí rẹ̀ padà bọ̀ sípò kí oṣù kejì tó pé, àárẹ̀ náà sì lọ. Ẹsẹ̀ òsì kò padà tán. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní, nítorí pé a pẹ́.

Nípa oúnjẹ, ẹ̀yin náà mọ ohun tó dára, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má gba èkọ lọ́wọ́ Bàbá, nítorí pé oúnjẹ tí àgbà mọ̀ ló máa ń jẹ, ohun tí ó fi ń jẹ ẹ́ ni kí ẹ tún ṣe. Bí a bá ti sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe ara lóore ti bá eérí lọ. Kí ẹni tó ń sè fún un gún ṣàwá gbígbẹ àti edé papọ̀ mọ́ eegun rẹ̀, kí ó máa dà á sínú ewédú náà, kò ní í nílò eyín láti jẹ ẹ́. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin dára fún un ní òwúrọ̀, wàrà náà dára. Ara àgbà nílò ohun amúaradàgbà ju bí a ti rò lọ, ó tó gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ̀n, bí kíndìnrín rẹ̀ bá sàn. Ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù 6 lọ nínú èyí, nítorí náà ẹyin kan lóòjọ́ kò tó. Bí wọ́n bá se ẹ̀fọ́, kí wọ́n má ṣe fún omi rẹ̀ dànù. Kí ó mu ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ, kí tíì dúró di wákàtí kan sí i, nítorí pé tíì kì í jẹ́ kí ara rí ayọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ gbà. Kí ẹja tirẹ̀ wà nínú àwo ọ̀tọ̀, kí àwọn ọmọ ilé sì ti jẹ tiwọn kí wọ́n tó gbé tirẹ̀ wá.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta oògùn gbogboǹṣe lórí WhatsApp. Ayọ́ọ̀nù tí ara kò nílò lè kó ara rẹ̀ jọ sínú ẹ̀dọ̀, àpọ̀jù fítámì A kò sì dára fún eegun àgbà. Bí Bàbá bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n má ṣàdédé fi ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ rẹ̀ láìsọ fún dókítà. Bí ó bá sì ń lo metformin, ẹ má dá a dúró fúnra yín; màmá mi ṣì ń lo tirẹ̀.

Hóró tí ẹ bèèrè wá ńkọ́? Ẹ̀yin gan-an ni mo máa ní kí ẹ lo fítámì D, nítorí pé ìjọba ibẹ̀ gba àwa aláwọ̀ dúdú níyànjú láti ronú nípa máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Ti Bàbá, kí ó máa jókòó síta nínú oòrùn àárọ̀ ná, kí ẹ sì fi owó hóró náà ṣe àyẹ̀wò: iye ẹ̀jẹ̀, B12, folate (ìyẹn folic acid inú ẹ̀jẹ̀), kíndìnrín. Bí èsì bá jáde, ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà síbí pẹ̀lú orúkọ gbogbo oògùn tí ó ń lò. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn rárá, ẹ pè é lálẹ́ yìí, kí ẹ bi í bóyá ó mọ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.