Ìpara Tó Ń Tún DNA Ṣe: Ṣé Ó Tó fún Ọmọ Àfín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àfín ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9. Ẹnìkan fún wa ní ìpara tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ pé ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ń tún DNA tí oòrùn bá bà jẹ́ ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó ti lè máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré nínú oòrùn ọ̀sán báyìí? — Abiyamọ

ÌDÁHÙN: Abiyamọ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló kán jù: rárá, ẹ má torí ìpara yẹn jẹ́ kó jáde sóòrùn ọ̀sán.

Ti ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe irọ́. Ọdún 6 ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń sin sẹ́ẹ̀lì awọ èèyàn nínú àwo. A ó tan iná UVB, irú ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ, sí wọn díẹ̀, a ó sì pa á. DNA dà bí okùn méjì tó lọ́ mọ́ra, tí a kọ ìlànà ara wa sí bíi lẹ́tà. Bí ìtànṣán yẹn bá bà á, lẹ́tà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí okùn kan á lẹ̀ pọ̀, okùn náà á sì wọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ wa ni ká máa ka ojú ibi tó lẹ̀ pọ̀: lẹ́yìn wákàtí 1, lẹ́yìn 6, lẹ́yìn 24. Iye rẹ̀ á máa dín kù, ṣùgbọ́n títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́, àwọn kan á ṣì kù. A ti pa iná látàná, àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ò tíì sinmi. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n bá wọn gbé díẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan nínú wọn á wá ibi tó wọ́ rí. Méjì míì tí wọ́n ń pè ní XPF àti XPG á gé okùn náà lọ́tùn-ún lósì, nǹkan bí lẹ́tà 30 á bọ́ dànù. Òmíràn á wo okùn kejì tó ṣì dára, á fi kọ tuntun. Èyí tó kẹ́yìn á so ó pọ̀.

Àwọn èèyàn kan wà tí iṣẹ́ yìí kò pé lára wọn láti inú oyún. Xeroderma pigmentosum ni wọ́n ń pe àìsàn wọn. James Cleaver ló fi hàn ní 1968 pé àtúnṣe yìí gan-an ni kò ṣe é ṣe fún sẹ́ẹ̀lì wọn. Àwọn ni wọ́n fi ìpara ẹ́ńsáìmù T4 dán wò, èyí tí wọ́n mú lára fáírọ́ọ̀sì tó ń kọlu bakitéríà. Èsì jáde ní 2001: láàárín ọdún kan, eépá tuntun tó lè di jẹjẹrẹ fi ìdá 68 nínú 100 dín sí ti àwọn tó lo ìpara lásán. Títí dòní ni èsì yẹn ń dùn mọ́ mi. (Bó bá jẹ́ photolyase, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń tún DNA ṣe, ni wọ́n kọ sára ìgò yín, ìmọ́lẹ̀ ni ìyẹn fi ń ṣiṣẹ́, ewéko àti ọ̀pọ̀lọ́ ní in, àwa èèyàn ò ní.)

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àwọn òṣìṣẹ́ inú ara ọmọ yín pé. Mẹ́lánínì ni kò tó, agbòòrùn tí ara fi ń bo DNA kí ìtànṣán tó kàn án. Iṣẹ́ tó ń dé bá wọn ló pọ̀ ju agbára wọn lọ. Ìpara yín lè kún wọn lọ́wọ́. Kò lè bo ọmọ.

Aṣọ alápá gígùn ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún un, pẹ̀lú fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, àti ìpara adènà oòrùn tó ní àmì SPF 50, tí ẹ ó máa tún pa ní wákàtí méjì-méjì. Kó ṣeré ní kùtùkùtù àti nírọ̀lẹ́. Egbò tó bá lo ọ̀sẹ̀ 4 láìjinná, ẹ má wò ó níran, ẹ gbé e lọ bá dókítà awọ.