Ẹ má torí àwòrán agbábọ́ọ̀lù ra bẹ́líìtì òòfà fún màmá

Arábìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ láti Mọdákẹ́kẹ́, ẹ kú aájò màmá. Ẹ ní orúnkún ń dà wọ́n láàmú débi pé wọn kò lè kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, àtẹ̀gùn ilé sì ti di ìjà. Ẹ ní ọkùnrin kan ní Lágere gbé bẹ́líìtì orúnkún tó ní òòfà nínú wá fún wọn, pẹ̀lú ike kápúsù kan, owó méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìfẹ̀yìntì màmá fún oṣù méjì. Ohun tó wọ màmá lọ́kàn jù ni àwòrán agbábọ́ọ̀lù tó wà lára páálí. Ẹ wá béèrè pé: ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kàn máa parọ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má parọ́. Síbẹ̀, ẹ má rà á. Èmi náà ti wà nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Bọ́ọ̀lù ni mo gbá nígbà èwe mi, ní Iléṣà níbí. Ẹgbẹ́ kékeré ni, ẹ ò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àmọ́ tí mo bá ń kọjá ní Ìsọ̀kùn, àwọn ọmọdé á máa pariwo mi. Orí pápá tó le gbagidi ni iṣan kan ti já nínú orúnkún mi. Físíò kan, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tún iṣan àti oríkèé ṣe, ló gbà mí ní ilé ìwòsàn. Kò fún mi ní nǹkan kan gbé mì. Ó ní kí n jókòó sórí àga, kí n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí n dá a dúró lókè, kí n wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ibì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, fífi ẹsẹ̀ kan fò. Ó sú mi débi pé mo sunkún níwájú rẹ̀, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àmọ́ iṣan itan mi tó ti gbẹ tún padà yọ, òun náà ló sì di orúnkún mú títí dòní.

Láàárín ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó ń ta ọjà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi bẹ́líìtì òòfà ta mí lọ́rẹ. Mo máa ń wọ̀ ọ́ láràárọ̀ torí pé ó móoru, ẹni tó bá mọ ọyẹ́ Iléṣà mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo padà sórí pápá, ó wá ya fọ́tò mi. Kò pẹ́ tí mo fi rí ara mi lórí bébà tí wọ́n ń pín ní ọjà Àtàkúmọ́sà: mo ń rẹ́rìn-ín, bẹ́líìtì wà lórúnkún mi, àkọlé rẹ̀ sì ni pé ọjà àwọn ló gbé mi dìde. Tẹ́ ẹ bá yẹ àwòrán yẹn wò, kò sí irọ́ níbẹ̀. Iṣan já lóòótọ́, ó san lóòótọ́, mo sì wọ bẹ́líìtì lóòótọ́. Físíò nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo bá a jà kó tó kó àwọn bébà náà kúrò nílẹ̀. Ó ní ṣe ni mo ń ṣe bí ẹni tí kò moore. Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá kan tó dá mi dúró lọ́jà, tó ń súre fún mi, torí pé ó ti ra méjì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀.

Bí ti àwọn gbajúmọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, owó tiwọn ló kàn pọ̀ ju tèmi lọ. Ẹ ó rántí róbà ọwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Power Balance, tó ní àwòrán kékeré tó ń dán lára. Shaquille O'Neal, agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ nì, polówó rẹ̀, wọ́n rí i lọ́wọ́ David Beckham náà, nǹkan bí ọgbọ̀n dọ́là ni wọ́n sì ń tà á. Ìlérí wọn ni pé ó ń fún èèyàn lágbára, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Lọ́dún 2010, ìjọba Australia gbá wọn mú, iléeṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba pé kò sí ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì kankan tó ti ìlérí yẹn lẹ́yìn, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá rà á wá gba owó rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2011 fi máa parí, iléeṣẹ́ náà ti wọ gbèsè ní Amẹ́ríkà. Ẹ kíyè sí i pé Australia ni wọ́n ti dá owó padà o. Ní Lágere, ẹ ó lóṣòó bí òṣómàáló kí ẹ tó rí kọ́bọ̀ gbà.

Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń fi irú róbà bẹ́ẹ̀ dánwò nínú gbọ̀ngàn kan níbí. Wọ́n á ní kó o dúró lẹ́sẹ̀ kan, kó o na apá sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀gá wọn á tẹ apá náà, wàá sì yẹ̀. Wọ́n á wá wọ róbà fún ẹ, á tún tẹ̀ ẹ́, wàá dúró gbọin, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Idán ibẹ̀ kò le. Nígbà àkọ́kọ́, o ò mọ ibi tó máa gbà tẹ̀ ẹ́. Nígbà kejì, ara rẹ ti mọ̀ ọ́n, o ti múra sílẹ̀, òun náà sì lè tẹ apá náà sún mọ́ ara rẹ díẹ̀, níbi tí o kò ti lè ṣubú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ti oníróbà ṣáájú lára tèmi, ká wá fi ti aláìníróbà ṣìkejì. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn.

Ẹlòmíì á ní Michael Phelps, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà nì, ńkọ́? Ní Rio lọ́dún 2016, gbogbo ayé rí àmì roboto tí wọ́n fi ife fà sí i lẹ́yìn, ohun tí àwọn Hausa ti ń fi ìwo ṣe ní Sábó láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àmọ́ ọkùnrin yẹn ti gba góòlù 8 ní Beijing lọ́dún 2008, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ àmì lẹ́yìn rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń lúwẹ̀ẹ́ láràárọ̀. Ara eléré ìdárayá kì í ṣe ẹ̀rí fún ọjà tó bá gbé dání. Kó tó gbé e dání ni ara yẹn ti wà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òòfà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń tà á á ní irin wà nínú ẹ̀jẹ̀, òòfà á sì máa fà á wá síbi tó ń dùn yín. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú irin ìṣó tí òòfà ń fà. Ẹ̀rọ MRI tí wọ́n ń fi yàwòrán inú ara, òòfà ńlá ni, agbára èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ 1.5 lórí òṣùwọ̀n òòfà tí wọ́n ń pè ní tesla, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 30,000 agbára òòfà ilẹ̀ ayé. Aláìsàn á sùn sínú rẹ̀, á jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní rọ́ lọ sápá kan. Kí wá ni èyí tó wà nínú bẹ́líìtì fẹ́ fà? Àwọn olùwádìí ti fún àwọn kan ní òòfà gidi, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ayédèrú, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, òòfà gidi kò borí ayédèrú nínú dídín ìrora kù.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń jẹ́rìí nígbà náà? Ìrora orúnkún àgbà máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Ọjọ́ tó bá le jù lèèyàn ń ná owó lé e lórí. Tó bá sì ti le dé góńgó, ibi tó kù tó lè yà sí ni kó rọlẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì tàbí láìsí bẹ́líìtì. Ẹni tó fowó ńlá ra nǹkan, tó sì rí i pé ìrora rọlẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ò lè sọ fún un pé kì í ṣe ọjà náà.

Bẹ́líìtì yẹn kò lè pa màmá lára, àpò wọn nìkan ló lè pa. Kápúsù ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn á ti fi nọ́ńbà NAFDAC hàn yín. Ẹ yí ike náà, kí ẹ wá lẹ́tà wínníwínní. Lára àgbo àti kápúsù irú èyí, ẹ ó sábà rí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ìlérí tí wọ́n ń ṣe wò. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé wọ́n ti kọ orúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń wo orúnkún.

Lẹ́yìn náà, kápúsù orúnkún tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ méjì, ẹ tún bẹ̀rù rẹ̀ jù. Lọ́dún 2022, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún kìlọ̀, nípa kápúsù kan tí wọ́n ń pè ní Artri King, tí wọ́n ń tà fún oríkèé tó ń dunni. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá diclofenac, ìyẹn oògùn ìrora, àti dexamethasone, ìyẹn oògùn sítẹ́róòdì, nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n kọ sára ike. Ẹ ní màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Diclofenac tí èèyàn ń gbé mì lójoojúmọ́ láìmọ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i, ó sì lè dá egbò sínú ikùn. Dexamethasone lè gbé ṣúgà sókè.

Àwọn eléré ìdárayá tó mọ iṣẹ́ wọn gan-an kì í gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì láìbi dókítà ẹgbẹ́ wọn. Òfin WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀ nínú eré ìdárayá, ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá bá lára rẹ, ọrùn rẹ ló wà, ì báà jẹ́ inú ìyẹ̀fun agbára lo ti jẹ ẹ́ láìmọ̀. Níbi ìdíje Commonwealth ní Delhi lọ́dún 2010, wọ́n gba góòlù mítà 100 ti àwọn obìnrin padà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà wa nítorí methylhexanamine, oògùn amárayá tí wọ́n kà léèwọ̀. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù báyìí, tí mo bá rí ike tí mi ò mọ̀ nínú báàgì wọn, ọwọ́ mi ló ń gbé.

Ohun tí mo máa fi owó ìfẹ̀yìntì yẹn ṣe nìyí. Ẹ mú màmá lọ rí físíò. Ní Ifẹ̀ tó wà nítòsí yín yẹn, Yunifásítì OAU fúnra rẹ̀ ń kọ́ àwọn físíò, wọ́n sì wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti OAUTHC. Tó bá jẹ́ Iléṣà ló yá yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild. Wọn ò ní ṣe idán. Irú jíjókòó-kí-o-dìde tó pa mí lẹ́kún náà ni wọ́n máa fún màmá, ní ìwọ̀n ọjọ́ orí wọn. Tí màmá bá sanra, ìwọ̀nba kílò tó bá kúrò lára á mú orúnkún fúyẹ́. Ọ̀pá tún dára, ọwọ́ òdìkejì orúnkún tó ń dùn ni kí wọ́n fi mú un. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà mú un, tí wọ́n á wá ní ọ̀pá ò wúlò. Ẹ bi olóògùn nípa ìpara fífi pa orúnkún, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Tó bá jẹ́ pé ooru bẹ́líìtì ni wọ́n fẹ́, bẹ́líìtì onírọ́bà lásán tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ wà lọ́jà, kò ní òòfà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Tó bá jẹ́ pé màmá ti bẹ̀rẹ̀ kápúsù náà kí ẹ tó rí èyí, ẹ má sọ pé kí wọ́n ṣíwọ́ lójijì, pàápàá tó bá ti pẹ́ díẹ̀. Tí dexamethasone bá wà nínú rẹ̀, ìṣíwọ́ òjijì lè dá ara wọn wó. Ẹ gbé ike náà lọ bá dókítà, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wọn lọ́jọ́ náà.