Ta ló ní kí ààrẹ Amẹ́ríkà má ju sáà méjì lọ?

Ẹnì kan fi ìbéèrè ránṣẹ́: kí ló dé tí ààrẹ Amẹ́ríkà kì í lò ju sáà méjì lọ, ṣé àṣà ni àbí òfin? Ó ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ti là á yé àwọn èèyàn pé George Washington ló kọ ọ́ sínú ìwé òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ jọba, àti pé ẹni tó bá lo méjì tán, tó lọ sinmi fọ́dún mẹ́rin, lè padà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí ení. Èmi náà gbọ́ ètò yẹn, inú sì bí mi. Ẹ̀kọ́ ìjọba ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìdánwò mi, òdo ló máa gbé lọ han bàbá rẹ̀.

Ìwé òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ní Philadelphia lọ́dún 1787 sọ pé ọdún mẹ́rin ni sáà ààrẹ. Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Kò sọ iye ìgbà tí èèyàn lè dù ú, kì í sì í ṣe pé wọ́n gbàgbé, wọ́n jiyàn lé e lórí gan-an. Alexander Hamilton tilẹ̀ dá a lábàá nínú ìpàdé yẹn pé kí olórí ìjọba wà lórí àga títí ayé rẹ̀, bí ìwà rẹ̀ bá ṣáà ti dára. Thomas Jefferson wà ní Paris nígbà náà, ó ń ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìwé òfin náà ránṣẹ́ sí i, ó kọ̀wé ráhùn sí James Madison, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́, pé kò dùn mọ́ òun nínú bí wọn ò ṣe fi dandan lé pípààrọ̀ ẹni tó wà lórí àga. Ẹ fi orúkọ Jefferson yìí sọ́kàn.

Ní ti Washington, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù. Wọ́n yàn án lọ́dún 1789, wọ́n tún un yàn lọ́dún 1792. Kí sáà àkọ́kọ́ tó pé ló ti fẹ́ máa lọ ilé. Ó ní kí Madison bá òun kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sílẹ̀, àwọn tó yí i ká ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1796, ó gbé ìdágbére náà jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Philadelphia. Kò dúró níwájú ogunlọ́gọ̀ kankan kà á, bó ti wù kí àwọn oníwàásù orí fídíò sọ ọ́ tó. Ẹ ka ìwé ọ̀hún láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tó ti sọ pé sáà méjì tó èèyàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ orí ń wọ òun lára, pé ìsinmi ti yẹ òun. Ẹni ọdún 64 ni, kò ku eyín kan lẹ́nu rẹ̀ tí kì í ṣe àtọwọ́dá, àwọn ìwé ìròyìn alátakò kò sì jẹ́ kó gbádùn.

Ó gbé àga sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1797. Ó kú nílé rẹ̀ ní Mount Vernon ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1799. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Sáà kẹta, tó bá gbà á, ì bá parí ní oṣù Kẹta ọdún 1801. Orí àga gan-an ni ì bá kú sí! Igbákejì rẹ̀ ì bá sì bọ́ síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́, gbogbo ayé ì bá sì máa sọ títí dòní pé bí ààrẹ àkọ́kọ́ ṣe ṣe é nìyẹn: ó lò ó títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ara tó rẹ àgbàlagbà kan ló kó Amẹ́ríkà yọ, kò sí òfin kankan níbẹ̀.

Jefferson, tí òun náà ti wá di ààrẹ, ló fi ẹnu sí i. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Vermont kọ̀wé sí i pé kó jọ̀wọ́ dù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1807 ó dá wọn lóhùn pé bí ìwé òfin kò bá fi òpin sí iṣẹ́ olórí, tí ìṣe àwọn tó ń ṣe é kò sì fi òpin sí i, oyè tí a ń pè ní ọlọ́dún mélòó kan yóò di oyè àjẹkú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi di oyè ìdílé. Àwa tí a ní ọba mọ ohun tó ń sọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ọgbọ́n àgbà: ó ní òun kò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tẹ àpẹẹrẹ rere ẹni tó ṣáájú òun lójú. Ẹ ò rí i? Washington lọ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, Jefferson sọ àárẹ̀ di ìlànà, ó sì gbé e lé òkú lórí kí ẹnikẹ́ni má bàa lè bá a jiyàn. Láti ìgbà náà ni gbogbo èèyàn ti ń pè é ní àṣà Washington, títí dé orí rédíò wa.

Bẹ́ẹ̀ àṣà tí kò ní ọlọ́pàá lẹ́yìn, kí ló mú un dúró láti 1797 títí di 1940? Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo máa sọ fún yín: owú ni. Wọ́n máa ń sọ pé ìwà ọmọlúàbí àwọn ààrẹ ni, ó dára láti gbọ́. Àmọ́ ẹni tó ń dúró de àga kì í sùn. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá fẹ́ fi kún un, àwọn ará ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dìde sí i, nítorí pé ìrètí tiwọn ló fẹ́ jẹ.

Ẹ wo Ulysses Grant. Ọ̀gágun tó borí nínú ogun abẹ́lé ni, ó sì lo sáà méjì. Nígbà tí ariwo sáà kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í ta, Ilé Aṣojú-ṣòfin fi ìbò 233 sí 18 sọ lọ́dún 1875 pé ẹni tó bá tẹ àṣà yìí lójú ń fi orílẹ̀-èdè sínú ewu. Ó lọ. Ó sinmi fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta (ẹ gbọ́ o, irú ìsinmi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn ń sọ), ó sì padà wá sí ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ Republican ní Chicago lọ́dún 1880. Ìbò rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ ju 300 lọ ní ìpele kankan, 379 ni wọ́n sì ń wá. Wọ́n dìbò títí dé ìpele 36, àwọn tó kù sì para pọ̀, wọ́n gbé e fún James Garfield, tí kò tilẹ̀ bá ti ìdíje wá síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Theodore Roosevelt ni ìtàn rẹ̀ burú jù. Wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ William McKinley lọ́dún 1901, Roosevelt tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ jogún àga, ó sì wọlé fúnra rẹ̀ lọ́dún 1904. Lálẹ́ ọjọ́ tó wọlé ló ti búra pé òun kò ní í dù ú mọ́, pé àṣà sáà méjì dára. Nígbà tó di 1912 ó yí ohùn padà, ó dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, bó ṣe ń jáde ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Milwaukee tó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan yìnbọn lù ú láyà. Ọta náà gba inú àpótí ìgò ojú rẹ̀ kọjá, ó tún gba inú ìwé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kà, ojú ìwé 50 tó ká sí méjì sínú àpò àyà. Òun ló dín agbára rẹ̀ kù. Roosevelt wúkọ́ sọ́wọ́, kò rí ẹ̀jẹ̀, ó mọ̀ pé kò dé ẹ̀dọ̀fóró, ó ní kí wọ́n máa gbé òun lọ. Ó dúró pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì sọ̀rọ̀ fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí wọ́n bi ẹni tó yìnbọn léèrè, ó ní ẹni tó bá ń wá sáà kẹta yẹ fún ìbọn, pé McKinley fúnra rẹ̀ ló wá bá òun lójú àlá. Wèrè ni, ilé àwọn aṣiwèrè ni wọ́n sì fi í sí. Àmọ́ wèrè máa ń gbé ohun tí ìlú ń sọ kiri. Roosevelt fìdí rẹmi, ọta náà sì wà lára rẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 1919.

Ààrẹ Calvin Coolidge kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Lọ́dún 1927 ó pín bébà pélébé fún àwọn akọ̀ròyìn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, pé òun kò yàn láti du ipò ààrẹ lọ́dún 1928. Ó pín in tán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ogun ló fọ́ àṣà náà. Jámánì ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, ìpàdé ẹgbẹ́ Democrat sì bọ́ sí oṣù Keje, ní Chicago náà ni. Franklin Roosevelt, tó ti lo méjì, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìpàdé pé kí wọ́n dìbò fún ẹni tó bá wù wọ́n. Kí wọ́n tó mí, ohùn kan bú jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Roosevelt la fẹ́!" Ó ń pariwo ṣáá, àwọn èrò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wá mọ̀ nígbẹ̀yìn pé ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó kòtò omi ẹ̀gbin ìlú Chicago ni wọ́n fi sí àjà ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀. Owú wà níbẹ̀ o, John Garner tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ gan-an ló bá a dù ú, àmọ́ ogun ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń jowú. Ó wọlé, ó tún wọlé lọ́dún 1944, ó sì kú sórí àga ní oṣù Kẹrin ọdún 1945. Ohun tí Jefferson sọ gan-an nìyẹn, oyè àjẹkú.

Àwọn Republican tó ti ń wo àga láti òkèèrè gba ilé aṣòfin méjèèjì nínú ìdìbò 1946. Kò pẹ́ rárá. Ní oṣù Kẹta ọdún 1947 wọ́n ti fọwọ́ sí àtúnṣe òfin kejìlélógún, èyí tó fi òpin sáà méjì sínú ìwé òfin, kò sì sí Republican kankan tó dìbò tako ó. Ààrẹ kì í fọwọ́ sí irú rẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì ni, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ìpínlẹ̀. Ó pé ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1951. Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin náà sì wá dè lókùn ni Dwight Eisenhower, Republican bíi tiwọn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibẹ̀.

Àwọn aṣòfin wọ̀nyí kò fi gbèdéke kankan sí tiwọn. John Dingell lo ohun tó ju ọdún 59 lọ nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin.

Àwa náà gba ètò ààrẹ lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1979, sáà méjì sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, Ilé Aṣòfin Àgbà wa da àtúnṣe tí ì bá ṣílẹ̀kùn sáà kẹta nù ní Abuja. Ẹ bi àwọn ọmọ ìwòyí léèrè ọjọ́ yẹn, wọn yóò máa wò yín bọ̀ọ̀. Wọ́n mọ iye góòlù tí wọ́n gbá nílùú òyìnbó lọ́dún náà. Ẹ̀kọ́ ìtàn tí wọ́n yọ kúrò ní ilé ìwé wa fún ọdún púpọ̀, èso rẹ̀ la ń jẹ yìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsinmi. Àtúnṣe òfin kejìlélógún ti Amẹ́ríkà yẹn sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dìbò yan ẹnikẹ́ni sípò ààrẹ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìbò ló ń kà, kò ka ìsinmi. Grover Cleveland wọlé, ó jáde, ó padà wá lọ́dún 1893, àmọ́ òfin náà kò tíì sí. Donald Trump wọlé lọ́dún 2016, ó fìdí rẹmi lọ́dún 2020, ó tún wọlé lọ́dún 2024. Méjì ti pé. Ẹni tó bá jogún àga, tó sì lò ju ọdún méjì lọ nínú sáà ẹlòmíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè dìbò yàn án. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Gerald Ford lẹ́yìn Nixon, kò sì rí ẹ̀ẹ̀kan náà gbà lọ́dún 1976. Ibi tí àwọn amòfin ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni bóyá ẹni tí wọ́n ti yàn lẹ́ẹ̀mejì lè gba ẹnu ọ̀nà igbákejì wọlé, nítorí pé òfin 1951 sọ̀rọ̀ nípa ìdìbò yàn nìkan, nígbà tí àtúnṣe òfin kejìlá ti ọdún 1804 sọ pé ẹni tí kò bá yẹ fún ipò ààrẹ kò yẹ fún ipò igbákejì. Ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dá ẹjọ́ náà.